Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Yẹn, Ṣé Ó Ṣeé Kó Ọmọ Sí?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ewé yìí lónìí kan ilé púpọ̀, pàápàá ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, níbi tí gbogbo ẹbí ti máa ń bá ẹni tí ó ra ọkọ̀ yọ̀ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n rà á. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe máa ń rí. Olùkọ́ kan ní Oǹdó yóò yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, yóò sì máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Àgbẹ̀ kan ní apá Ìdànrè tí ó rí owó gidi gbà ní ọdún 2024, nígbà tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lọ́jà àgbáyé, yóò ní àkókò tó kí òun náà ní ọkọ̀. Tọkọtaya kan ní Àkúrẹ́ yóò da owó oṣù ọkọ àti èrè ọjà ìyàwó pọ̀. Bí owó bá ti pé, wọn yóò wọ Èkó lọ, tàbí kí wọ́n lọ sí ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ nínú ìlú. Wọn yóò wo ọ̀dà ara rẹ̀, wọn yóò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, wọn yóò tan éésì bóyá ó ń tutù, wọn yóò ná an títí, wọn yóò sì sanwó. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ọkọ̀ ti dé ọgbà ìjọ fún àdúrà ìdúpẹ́, àwọn ọmọ sì ti kún ẹ̀yìn rẹ̀.

Ohun ayọ̀ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè: bí ọkọ̀ yìí bá forí sọ nǹkan lónìí, ǹjẹ́ ó ṣì lè dáàbò bo àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ bí ó ti lè ṣe ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

BÍ A ṢE DÉ ÌDÍ TÒKUNBỌ̀

Orúkọ ènìyàn ni Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a gbé wálé. Ọ̀rọ̀ owó ló jẹ́ kí a fi orúkọ náà pe ọkọ̀. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ń to Peugeot ní Kàdúná, wọ́n ń to Volkswagen ní Èkó, òṣìṣẹ́ ìjọba sì lè yá owó kí ó fi ra tuntun. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀ láti 1986, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tó ọkọ̀ tuntun mọ́, ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí ra èyí tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti lò. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí ìjọba ti ní kí ọjà máa pinnu iye náírà, tòkunbọ̀ fúnra rẹ̀ ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ń wò lókèèrè. Nítorí náà, a kò wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra tòkunbọ̀. Ẹni tí kò ní owó tuntun kò dẹ́ṣẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a mọ ohun tí a ń rà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ̀ka tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Wọ́n ní láti 2015 sí 2018, ọkọ̀ àlòkù mílíọ̀nù 14 ni wọ́n kó kúrò ní Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ mìíràn, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 40 ló wá sí Áfíríkà. Àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Netherlands pàápàá yẹ àwọn ọkọ̀ tí ń ti èbúté wọn bọ̀ lọ́dọ̀ wa wò. Wọ́n rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni kò ní ìwé ẹ̀rí mọ́ pé ó ṣì yẹ láti rìn lójú títì. Ohun tí wọn kò ní jẹ́ kí ó rìn ní títì tiwọn ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ ojú omi wá fún wa.

ÌWÉ PÉLÉBÉ ETÍ ILẸ̀KÙN

Bí ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ wo ara òpó tí ilẹ̀kùn ń dé mọ́ tàbí etí ilẹ̀kùn náà. Ẹ ó rí ìwé pélébé kan tí a lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Òfin ilẹ̀ wọn ló pa á láṣẹ fún ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà pé kí ó lẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé ọkọ̀ yìí bá ìlànà ààbò ìjọba àpapọ̀ wọn mu ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yẹn: ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Kò sọ ti òní. Kò sọ ti ọjọ́ tí ó ti wó lulẹ̀ sínú kòtò, tí wọ́n tún fi òòlù nà án padà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í fi ọ̀rọ̀ ìlànà yìí ṣeré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí dọ́là lágbára, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ ra Mercedes àti BMW ní Jámánì tààrà nítorí pé ó dínwó. Ọkọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n ìlànà Yúróòpù ni wọ́n fi ṣe é. Ní 1988, wọ́n ṣe òfin tí ó le: ọkọ̀ tí kò tíì pé ọdún 25, tí wọn kò ṣe ní ìlànà Amẹ́ríkà, kò gbọdọ̀ wọlé láti máa rìn ní títì, àfi bí ilé-iṣẹ́ tí ìjọba fún ní àṣẹ bá tún un ṣe títí ó fi bá ìlànà mu, tí ó sì fi owó ńlá ṣe onídùúró. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ọkọ̀ náà padà síbi tí ó ti wá, tàbí kí wọ́n fọ́ ọ. Orúkọ ńlá Mercedes kò gbà á sílẹ̀.

Àwa náà ní òfin. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún, òfin kò sì gba ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún láàyè ní títì wa mọ́. Ọkọ̀ àlòkù tí ó ti lé ní ọdún 12 láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é wà lára ohun tí àwọn aṣọ́bodè kò gbọdọ̀ gbà wọlé. Táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2017, èbúté nìkan ni ọkọ̀ gbọdọ̀ gbà wọlé, kì í ṣe ẹnubodè orí ilẹ̀.

Òfin kò wọ́n wa, àmúṣẹ ló wọ́n. Ọjà ọkọ̀ Kùtọnu ti pẹ́ tí ó ti ń gba ọkọ̀ ju èyí tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ fúnra wọn lè lò lọ, Nàìjíríà sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń forí lé. Ọ̀nà inú igbó pọ̀ láàrin wa àti wọn. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa dé Àkúrẹ́, ó ti kọjá gbogbo ẹnubodè, ìbáà jẹ́ pé ó gba ọ̀nà ẹ̀tọ́ tàbí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sanwó ni aṣọ́bodè tí ó kẹ́yìn. Bí ẹ̀yin náà bá di ojú, kò sí ẹlòmíràn lẹ́yìn yín.

OHUN TÍ Ẹ Ó YẸ̀ WÒ KÍ OWÓ TÓ KÚRÒ LỌ́WỌ́

Èkíní, nọ́ńbà ṣáṣí. Láti 1981, ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà máa ń ní nọ́ńbà tí ó jẹ́ lẹ́tà àti fígọ̀ 17. Ẹ ó rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú ní apá òsì, ẹ ó tún rí i lára ìwé etí ilẹ̀kùn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì rí i lára irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu, kí ó sì bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ máa lọ sílé. Èyí tí ó ṣáájú ń sọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é: J ni Japan, W ni Jámánì, 1, 4 tàbí 5 ni Amẹ́ríkà, 2 ni Kánádà. Ẹ wá ka á dé ìkẹwàá. Ìkẹwàá yẹn ni ọdún ọkọ̀: A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013, E ni 2014, F ni 2015, G ni 2016, H ni 2017, wọ́n fo lẹ́tà I, J sì ni 2018. Bí alágbàtà bá sọ fún yín pé 2015 ni, tí ẹ sì rí B níbẹ̀, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá ná ọjà. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù kì í fi ọdún síbẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí náà ìwé wọn ni kí ẹ béèrè.

Èkejì, ìtàn ọkọ̀ náà. Ní Amẹ́ríkà, bí ọkọ̀ bá fọ́ tàbí tí omi bá gbé e, tí àtúnṣe rẹ̀ kò sì jẹ́ èrè mọ́, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò yóò san owó fún ẹni tí ó ni ín, yóò sì ta àfọ́kù rẹ̀ ní gbàǹjo. Ìjì Katrina ti 2005 àti ìjì Harvey ti 2017 sọ ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ di irú bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àfọ́kù gbàǹjo ni wọ́n ń kó sọdá òkun, tí wọ́n ń nà, tí wọ́n ń kùn, tí wọ́n sì ń tà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Ilé-iṣẹ́ bí Carfax wà tí ń fi nọ́ńbà 17 yẹn tọ ìtàn ọkọ̀ fún owó díẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ọmọ tàbí àbúrò tí ó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò, kí ó rán an. Ní tiyín, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ sókè, ẹ wò ó bóyá yanrìn tàbí ẹrẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo nọ́ọ̀tì tí ó de ìjókòó mọ́lẹ̀ bóyá ó dípẹtà. Ẹ fa bẹ́líìtì jáde títí dé òpin, ẹ ó rí i bóyá ilà omi wà lára rẹ̀. Bí mítà bá sì sọ pé ọkọ̀ kò tíì rìn púpọ̀, tí rọ́bà orí ẹsẹ̀ bíréèkì ti jẹ tán, ẹsẹ̀ bíréèkì ni kí ẹ gbàgbọ́.

Ẹ̀kẹta, airbag, ìyẹn àpò tí ń fẹ̀ jáde láti gba ènìyàn nígbà ìjàǹbá. Bí ọkọ̀ bá ti ní ìjàǹbá tí àpò náà sì ti jáde, ó ti lò ó tán nìyẹn. Àwọn kan kì í fi òmíràn sí i. Wọ́n ń lẹ ìdérí rẹ̀ padà, wọ́n sì ń yọ iná tí ì bá sọ àṣírí wọn. Ọ̀nà láti mọ̀ rọrùn. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ máà tíì ta ẹ́ńjìnnì jí, kí ẹ wo iná airbag ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó yẹ kí ó tàn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí ó sì kú. Bí ó bá tàn tí kò kú, nǹkan bàjẹ́. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà lórí airbag tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́. Ilé-iṣẹ́ Japan kan tí ń jẹ́ Takata ni ó ṣe é fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Kẹ́míkà tí ń mú kí àpò náà fẹ̀ máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá a jà fún ọdún púpọ̀. Bí ó bá ti bàjẹ́, irin tí ó gbé e lè bẹ́ nígbà ìjàǹbá, kí ó máa ta irin wẹ́wẹ́ sí ènìyàn lójú àti lọ́rùn. Ó ti pa ènìyàn tí ó lé ní 25 ní Amẹ́ríkà nìkan. Nǹkan bí airbag mílíọ̀nù 67 ni wọ́n pè padà níbẹ̀, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn ọkọ̀ ilẹ̀ náà. Toyota Corolla láti 2003 sí 2013, Honda Accord láti 2001 sí 2012 àti Honda Civic láti 2001 sí 2011 wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn. Ta ni kò mọ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ní Àkúrẹ́? Ta ni kò sì mọ̀ pé ooru àti ọ̀rinrin kò wọ́n wa? Àjọ ààbò ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ NHTSA ń jẹ́ kí a tẹ nọ́ńbà 17 náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí a lè mọ̀ bóyá ọkọ̀ ọjà Amẹ́ríkà ní ìpèpadà tí wọn kò tíì tún ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Bí ó bá kàn yín, ẹ lọ bá aṣojú ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí rewáyà ìdí títì tú u, nítorí ohun tí ń bú gbàmù ni.

Ẹ̀kẹrin, bẹ́líìtì. Ẹ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, tiwájú àti tẹ̀yìn. Bí ẹ bá já a lójijì, ó yẹ kí ó há. Ẹ rí i pé ti ẹ̀yìn kò sí lábẹ́ ìjókòó níbi tí wọ́n kì í bọ̀. Ẹ̀yin ìyá, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé ọmọ lé itan ní iwájú. Agbára tí airbag fi ń jáde lè pa ọmọ kékeré. Ẹ̀yìn ni ààyè ọmọ.

Ẹ̀karùn-ún, sítíárìn tí wọ́n yí. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Japan máa ń ní sítíárìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Láti tà á níhìn-ín, wọ́n á gé irin tí ó wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀, wọ́n á gbé sítíárìn, ẹsẹ̀ bíréèkì àti wáyà lọ sí apá òsì, wọ́n á sì jó o pọ̀. Ẹ wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù bóyá ojú ibi tí wọ́n jó wà níbẹ̀. Ẹ wo wáípà bóyá ó ṣì ń gbá omi sí apá ọ̀tún ju apá òsì lọ. Ọkọ̀ tí àwọn tí ó ṣe é ti dán ìjàǹbá rẹ̀ wò kọ́ nìyẹn mọ́. Ọkọ̀ mìíràn ni, ẹnikẹ́ni kò sì tíì dán an wò.

Ẹ̀kẹfà, táyà. Ẹ wá fígọ̀ mẹ́rin lára táyà, ní ìparí kóòdù tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àjọ SON, tí ń rí sí ìlànà ọjà ní Nàìjíríà, àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní kí a má lo táyà kọjá ọdún mẹ́rin láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ tí wọ́n ti ki èyí sínú èyí nínú kọ̀ǹténà ti fọ́ nínú kí ó tó dé, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Ẹ sì rántí pé ìrìn àjò àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ náà máa ń rìn ló sábà máa ń gùn jù: láti Èkó, ó di Ìjẹ̀bú-Òde, ó di Ọ̀rẹ̀, kí ó tó yà sí Oǹdó. Táyà tí oòrùn ti ń pa láti oṣù mẹ́fà nínú ọgbà èbúté ni ẹ fẹ́ fi sáré bẹ́ẹ̀? Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní Èkó.

Ẹ̀keje, ìwé owó ibodè. Ẹ gba ojúlówó rẹ̀, kí nọ́ńbà ṣáṣí inú rẹ̀ bá ti ara ọkọ̀ mu. Ọkọ̀ tí kò ní in, àwọn aṣọ́bodè lè gbẹ́sẹ̀ lé e lójú ọ̀nà lọ́jọ́kọ́jọ́, ẹ ó sì máa san gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lórí ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín.

BỌ́Ọ̀SÌ TÍ A FI Ń KÓ ÀWỌN ÈWE

A kò lè ṣe kí a má mẹ́nu kan bọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì tí ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ ń rà ni wọ́n ṣe fún ẹrù ní òkè òkun. Níhìn-ín ni wọ́n ti gé ihò fèrèsé sí i lára, tí wọ́n jó ìjókòó mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, láìsí bẹ́líìtì kankan. Bí irú rẹ̀ bá takìtì láàrin Òwénà sí Bọ́lọ́rundúró ní ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, ìjókòó náà lè tú, kí ó sì da àwọn ọmọ lé ara wọn lórí. Kí ìgbìmọ̀ tí ń ra bọ́ọ̀sì béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé-iṣẹ́, kí wọ́n sì mú mẹkáníìkì tí kì í ṣe ti ọlọ́jà dání.

Àwọn kan yóò sọ pé gbogbo àyẹ̀wò yìí náni lówó, ó sì ń jẹ àkókò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi owó iṣẹ́ ọ̀sán kan tí ẹ ó san fún mẹkáníìkì wé owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ tún fi wé owó ilé ìwòsàn. Àwọn mìíràn yóò sọ pé àwọn ti gbàdúrà sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣí Deuteronómì orí 22, ẹsẹ 8. Ẹni tí ó kọ́ ilé tuntun ni òfin yẹn bá wí, pé kí ó mọ ìgbátí yí òrùlé ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá ṣubú má baà wà lọ́rùn ilé rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mímọ ìgbátí. Bẹ́líìtì, airbag àti táyà ni ìgbátí ọkọ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ọkọ̀ tó dé ọgbà ìjọ fún ìdúpẹ́, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì fún àyẹ̀wò. Ẹ gé ojú ewé yìí pa mọ́, kí ẹ fún ẹni tí ó ń kó owó ọkọ̀ jọ lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ó mú un dání lọ́jọ́ tí ó bá ń lọ sí ọjà. Ó dìgbà kan ná o.